Ìrìn Ìgbafẹ́ Létí Odò

  Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lálẹ́ yìí dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn ìgbafẹ́ tí tẹbí-tọ̀rẹ́ ń rìn létí odò nígbà ìsinmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni ó fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Ta ní ń rìn láìnídìí nílẹ̀ Yorùbá? Ẹni tí kò lọ sóko, tí kò lọ sọ́jà, tí kò lọ kí àna rẹ̀, kí ni ó ń wá kiri létí odò? Àṣà Òyìnbó nìyẹn." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Èdè wa gan-an ni ó kọ́kọ́ takò ó. Yorùbá ní "nasẹ̀", ó ní "gbatẹ́gùn", ó ní "gbafẹ́". Baálé ilé tí ó jẹun alẹ́ tán, tí ó mú ọ̀pá rẹ̀, tí ó ní òun fẹ́ nasẹ̀ dé ìdí igi òdán, kò bá ẹnikẹ́ni ní àdéhùn níbẹ̀. Atẹ́gùn ni ó ń gbà, ojú ọ̀nà ni ó ń wò, bí ó bá sì pàdé ẹni tí wọ́n jọ lè tàkúrọ̀sọ, ó di ọpẹ́. Èdè kì í dá orúkọ mẹ́ta fún ohun tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò ṣe rí.

Ní ti àwọn Òyìnbó tí a sọ pé àwọn ni wọ́n ni ín, ìtàn tiwọn kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin ọdún 1932, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti ìlú Manchester àti agbègbè rẹ̀ gun òkè kan tí a ń pè ní Kinder Scout láìgba àṣẹ. Àwọn olówó tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ti fi ibẹ̀ ṣe ibi ìdọdẹ ẹyẹ, wọn kò sì jẹ́ kí mẹ̀kúnnù fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ilé-ẹjọ́ sọ márùn-ún nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sẹ́wọ̀n. Ó di ọdún 1949 kí ilé aṣòfin wọn tó ṣe òfin tí ó dá ọgbà ìgbafẹ́ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, tí ó sì la ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀. Òkè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n yìí sì wà nínú ọgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i tí tọkọtaya Òyìnbó kó ọmọ àti ajá wọn lẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, tí wọ́n ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ létí odò kékeré kan, ẹ má ṣe rò pé Ọlọ́run dá a mọ́ wọn. Àwọn kan jìyà rẹ̀.

Àwa náà ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa létí odò. Ipadò ni orúkọ rẹ̀. Ní ìdájí, ẹ̀gbọ́n a síwájú, àbúrò a tẹ̀lé e, ẹni tí ó wà níwájú ni ìrì ara koríko máa ń rin lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, òkè odò ni wọ́n ti ń pọn omi mímu. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ, tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ òfin yìí sára ògiri, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ rú omi kí àgbà tó pọn tirẹ̀ tán yóò gbọ́ ohùn tí kò ní í gbàgbé. Ọmọ náà mọ ibi tí odò gbé jìn àti ibi tí kò jìn. Ó mọ òkúta tí ń yọ̀. Ó mọ igi tí a kì í gé létí orísun. Ó mọ̀ pé bí omi bá yí àwọ̀ padà lójijì, kí òun kó ìkòkò òun kúrò níbẹ̀.

N kò wá yin ìyà o. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n pẹ́ dé ilé-ìwé nítorí omi pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ, àwọn ìyá wa mọ ohun tí ìkòkò ṣe fún ọrùn wọn. Ẹ sì rántí sòbìyà. Ní nǹkan bí ọdún 1988, nígbà tí wọ́n wá àwọn tí àrùn náà ń ṣe kiri orílẹ̀-èdè yìí, àwọn tí wọ́n rí lé ní 650,000. Omi adágún tí kò ṣàn ni ó máa ń kó o ranni jù. Kànga tí a kọ́ dáadáa, asẹ́ aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, àti ìlanilọ́yẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó mú ní Nàìjíríà, ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a padà sí ipadò láti máa pọn omi mu kò fẹ́ wa fẹ́re. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a kọ ìyà ipadò sílẹ̀, a kọ ẹ̀kọ́ ipadò sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ omi kò mọ odò. Bí ọdún bá dé, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ a wọ ọkọ̀, wọ́n a lọ síbi tí omi gbé ń já láti orí òkè, wọ́n a fẹ́ ya àwòrán lórí òkúta tí ọmọ ìlú kò jẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé. Ìròyìn tí ń ti ibẹ̀ wá nígbà mìíràn kì í ṣe ohun tí òbí fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ọ̀rẹ́ mi tí ó rẹ́rìn-ín yẹn pàpà tẹ̀lé mi. Ẹ̀rùn ni, lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Àwa mọ́kànlá ni a lọ: èmi àti aya mi pẹ̀lú ọmọ wa mẹ́ta, ọmọ àbúrò mi kan, ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn méjì, àti ìyá rẹ̀ tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Erin-Ìjẹ̀ṣà ni a lọ, síbi odò Olúmirìn, tí kò jìnnà sí títì tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ìpele méje ni omi yìí fi ń já wálẹ̀ lára òkè. Ìtàn ìlú sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akínlà, tí ó wá láti ìran Odùduwà, ni ó ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀ débẹ̀, tí wọ́n fi rí omi náà. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí, nítorí obìnrin ni ó wà níwájú nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í pé kí ni ó ń wá kiri létí odò.

Láti ẹnu ọ̀nà dé ìpele kìíní, inú igbó tútù ni a gbà, odò wà lápá kan, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí i. Kò sí ẹni tí ó kánjú. Màmá ni wọ́n wà níwájú, ẹsẹ̀ wọn ni gbogbo wa fi ń wọn tiwa. Mo gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀: bí àgbàlagbà bá wà láàrin yín, ẹ fi wọ́n ṣíwájú, nítorí bí ọ̀dọ́ bá ṣíwájú, eré ìje ni yóò dà, àgbà a sì kù sẹ́yìn, a máa mí hẹlẹhẹlẹ, a kò ní gbádùn ohunkóhun. Bí a ti ń lọ ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n dúró nídìí ewé eéran, wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ọ̀rá pọ́n mọ́ínmọ́ín, kí wọ́n wá wo ohun tí ń jẹ́ ewé. Wọ́n dúró nídìí tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kan, wọ́n fún un, omi sì ro tótó sí ọmọ mi àbíkẹ́yìn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ibi tí ẹ bá ti rí èyí, omi kò jìnnà síbẹ̀." Èmi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko fún ọ̀pọ̀ ọdún kò gbọ́ ọ rí báyẹn. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Màmá kò kọjá ìpele kìíní. Wọ́n rí òkúta pẹrẹsẹ kan, wọ́n tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn ti dé ibi tí àwọn ń lọ. Aya mi àti àwọn ọmọdé dúró tì wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí èyí, nítorí àwọn kan gbà pé bí ènìyàn kò bá dé òkè pátápátá, kò rìn. Ìrìn ìgbafẹ́ kì í ṣe ìdíje. Láti ìpele kejì lọ sókè ni ọ̀nà náà ti dà gọ̀ǹgọ̀. Gbòǹgbò igi ni a fi ń ṣe ọwọ́ àkàsọ̀, ẹni tí ó wà lókè a na ọwọ́ sí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó mú mi gbà láti wá sọ̀rọ̀ yìí lónìí. Ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ mi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún, ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò sì yege. Láti ìgbà náà, òun àti bàbá rẹ̀ kì í sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "o ti jẹun bí?" lọ. Nínú pálọ̀, àga bàbá dojú kọ àga ọmọ, ojú bàbá sì dojú kọ ojú ọmọ, bí ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n lára òkè yẹn, ọmọ ni ó lágbára jù. Òun ni ó ń gòkè ṣáájú, tí ó ń fi ẹsẹ̀ dán òkúta wò, tí ó ń na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀. Bàbá a di ọwọ́ ọmọ mú, a sì gòkè. Nígbà tí a ó fi dé ìpele kẹta, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ọmọ náà ń sọ pé òun kò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn tí bàbá òun ń fẹ́. Iṣẹ́ ilẹ̀ àti òkúta ni ó wu òun. N kò bojú wẹ̀yìn. Mo kàn mú ẹsẹ̀ mi yára díẹ̀ kí ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ máa ń gba ọmọ nímọ̀ràn ní ọ́fíìsì, ẹ gbà mí gbọ́: àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń sọ wọ́n, ojú-kojú kọ́, kí ohùn omi sì wà níbẹ̀ tí yóò bo ìdákẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè ọmọ náà nípa òkúta sì dára. Ó bi wá pé èéṣe tí omi kì í fi í tán lára òkè nínú ẹ̀rùn, nígbà tí òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òkè tí Olúmirìn ti ń já yìí jẹ́ ara àwọn òkè gbọọrọ tí ó gba agbègbè Ẹfọ̀n-Aláàyè kọjá. Irú òkúta kan tí ó le koko, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yanrìn àtijọ́ ni, tí ìgbóná àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ayé ti sọ di òkúta. Nítorí pé ó le, ìṣàn omi kì í tètè jẹ ẹ́ tán, ìdí nìyẹn tí omi fi ń fò láti orí rẹ̀ dípò kí ó gbẹ́ ẹ di àfonífojì. Ṣùgbọ́n ó sán ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Òjò tí ó rọ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn wọ inú sísán yẹn, ó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú òkè, ó sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Òkè yìí kan náà ni ó bí omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, òun náà ni ó bí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti Ìkógòsì ní Èkìtì. Ní Ìkógòsì, omi òjò ti wọ ilẹ̀ lọ jìnnà kí ó tó padà wá sókè. Bí a bá sì ń wa ilẹ̀ lọ, ìgbóná ń fi nǹkan bí 25 sí 30 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni omi ti rí ooru rẹ̀, kì í ṣe pé iná ń jó nísàlẹ̀ bí àwọn kan ti ń sọ. Ó yọ jáde, ó pàdé omi tútù kan tí ó ti ibòmíràn wá, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó arúgbó àti ọmọ ọwọ́ lọ sí ìrìn létí odò, Ìkógòsì tẹ́jú ju Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rùn láti ẹ̀ẹ̀kan. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé le. Lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó, ìgbà ìsinmi gbọọrọ bọ́ sí ìgbà tí oòrùn ń ràn, tí odò wọn sì sábà máa ń fà. A jogún ètò ilé-ìwé wọn, oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni ìsinmi gbọọrọ tiwa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni tiwa! Ní ìgbà tí àwọn ọmọ wa ní àyè jù láti lọ sétí odò, ìgbà náà gan-an ni odò wa ń bínú jù. Àwọn kan yóò ní òjò máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ. Lóòótọ́ ni, òjò máa ń sinmi díẹ̀ láàrin ìgbà méjèèjì tí ó máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsinmi tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni àgbàrá mìíràn tún kó Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹ̀mí tí ó lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Oṣù kẹjọ ni méjèèjì o, oṣù tí a ní òjò ń sinmi.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí a fi ìrìn etí odò sí ìsinmi Kérésìmesì, kí a fi ìsinmi gbọọrọ ṣe ìrìn orí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ó bá sì di dandan kí a lọ nígbà òjò, òkè odò ni kí a máa wò, kì í ṣe orí ara wa. Oòrùn lè máa ràn níbi tí ẹ wà, kí òjò sì máa rọ̀ lórí òkè tí odò ti ń bọ̀. Bí omi tí ó mọ́ gaara bá di pípọ́n, bí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá lójijì, bí ìró rẹ̀ bá yí padà di bí ìró ọkọ̀ ńlá tí ń bọ̀ lókèèrè, ẹ má ṣe dúró kó ẹrù. Ẹ gun ibi gíga. Ẹ má ṣe sọdá láti lọ bá ẹni tí ó wà ní òdìkejì. Ẹ jẹ́ kí òun náà gun ibi gíga tirẹ̀.

Àrùn ńkọ́? Àwọn dókítà tí ń wò wá yóò fẹ́ kí n mẹ́nu bà á, n kò sì ní fi bò. Omi tí ń fà jẹ́jẹ́, tí ojú oró ti bo ojú rẹ̀, ni ìgbín omi wẹ́wẹ́ fẹ́ràn, inú ìgbín wọ̀nyí sì ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà kí ó tó jáde láti wọ ara ènìyàn. Kò nílò kí a mu omi náà. Awọ ara ni ó ń gbà wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tí ìdídò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983, àrùn yìí di ìṣòro ńlá láàrin àwọn ará abúlé etí omi náà, nítorí pé omi tí ń sáré ti di omi tí ó dúró. Ẹ̀wẹ̀, omi tí ń sáré tí ń pariwo lórí òkúta ní ewu tirẹ̀: ibẹ̀ ni eṣinṣin dúdú kékeré kan ti ń yé ẹyin, ìjẹ rẹ̀ sì ni ó ń fa àrùn tí ń fọ́ àwọn ènìyàn lójú létí odò. Ṣùgbọ́n ìjẹ ọjọ́ kan kì í fọ́ ojú; àwọn tí ń gbé ibẹ̀, tí ó ń jẹ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ń pa lára. Oògùn wà fún àrùn méjèèjì. Láti 1987 ni wọ́n ti ń pín ti eṣinṣin dúdú yìí lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó nílò rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀, ẹ má wẹ̀ nínú omi tí ó dúró, ẹ gbé omi mímu tiyín láti ilé. Ìbẹ̀rù kò gbọdọ̀ sé wa mọ́ inú ilé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí nípa èèwọ̀. Bí ẹ bá débi odò kan, tí ọmọ ìlú ní a kì í pa ẹja ibẹ̀, a kì í gé igi ibẹ̀, a kì í bọ́ bàtà kọjá ibi kan, kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ pa á mọ́. Ìgbàgbọ́ yín lè yàtọ̀ sí tiwọn, ilé ẹlòmíràn ni ẹ wà. Ní tèmi, mo tún rí ìdí mìíràn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó gba ilẹ̀ hẹ́kítà 75, ṣì ní igi ńláńlá létí odò rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ tí ó yí i ká ti di oko àti ilé. Èèwọ̀ ni ó kọ́kọ́ pa á mọ́. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́-ọnà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ jà fún un títí obìnrin náà fi kú ní 2009, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Rírìn lábẹ́ igi wọ̀nyẹn, tí ọ̀bọ ń fò lókè, tí odò ń yí po nísàlẹ̀, kò ní ẹlẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo omi náà fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń da ẹrẹ̀ sínú àwọn odò tí ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, omi sì pọ́n rúrú. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìkìlọ̀ jáde pé kí àwọn olùjọsìn má ṣe mu omi náà. Ẹ rò ó wò: odò tí ènìyàn ti ń bù mu fún ìwòsàn láti ìrandíran! Bí kò bá jẹ́ pé àwọn kan ń rin etí odò yẹn déédéé, tí wọ́n sì mọ àwọ̀ tí ó ní tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ pé ó ti yí padà?

Ìyẹn ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ odò inú ìlú. Kì í ṣe gbogbo wa ni a lè wọ ọkọ̀ lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí kò ní odò kékeré kan lẹ́yìn ilé kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. A ti sọ púpọ̀ nínú wọn di ààtàn. A kọ́ ilé dé bèbè wọn, a kẹ́yìn ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ sí wọn. Odò tí a bá kẹ́yìn sí, a kì í rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀; ọjọ́ tí ó bá bínú ni a tó ń rántí ọ̀nà rẹ̀. Mo fẹ́ kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tí ń gbọ́ mi kó kíláàsì rẹ̀ lọ wo odò tí ó sún mọ́ ilé-ìwé rẹ̀ jù, lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Kò náni lówó. Ẹ wọn mítà mẹ́wàá létí odò pẹ̀lú okùn, kí ọmọ kan ju ọsàn sínú omi lókè, kí òmíràn fi aago wo ìgbà tí yóò kọjá ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú-àáyá ogún, omi náà ń rin ààbọ̀ mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọsàn dára ju ewé lọ, nítorí afẹ́fẹ́ kì í tètè gbé e. Púpọ̀ nínú ara rẹ̀ ni ó máa ń rì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ omi, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ létí bèbè, àti ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ilé-ìwé yẹn yóò mọ odò rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí wọ́n ti ń múra láti lọ. Ẹ kọ́kọ́ kí baálẹ̀ tàbí àwọn tí ń tọ́jú ibẹ̀, kí ẹ sì mú ọmọ ìlú kan dání; owó tí ẹ fún un kì í ṣe ìnáàpà. Bàtà kánfáàsì onírọ́bà tí ó ti gbó díẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, nítorí ewédò máa ń mú kí òkúta yọ̀. Kí ẹnì kan ṣíwájú, kí ẹnì kan kẹ́yìn, kí ọmọdé kọ̀ọ̀kan ní àgbà tí ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ sì ka ara yín ní ibi gbogbo tí ẹ bá ti dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orí bẹ́ sínú omi tí kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ padà kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀rá omi tí ẹ gbé lọ, kí ẹ gbé e padà wálé; mo rí ohun tí ó wà létí Olúmirìn lẹ́yìn ọjọ́ ọdún, ojú tì mí.

Mo rí i pé olóòtú wa ti ń wo aago, ọ̀gbẹ́ni tí ó wà ní apá ọ̀tún mi sì ti na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá òun náà fẹ́ bi mí pé kí ni a ń wá kiri létí odò. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ wọn.